Lókéṣọ̀n ò kú, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló sùn: bí fóònù ṣe ń mọ ibi tá a wà, àti ohun tó ń jẹ báàtìrì wa

Ọ̀kun o, gbogbo ilé.

Àbúrò mi obìnrin ń bọ̀ láti Lokoja lọ́jọ́ Fúráìdé, ó wọ mọ́tò Kabba ní páàkì, bó ṣe jókòó báyìí ló ti fi lókéṣọ̀n tó ń rìn yẹn ránṣẹ́ sórí WhatsApp ìdílé wa, èyí tí wọ́n ń pè ní live location. Màmá wa gbé fóònù sórí itan, wọ́n ń wo àmì kékeré yẹn bí ẹni tó gbé ẹ̀wà kaná. Àmì rìn, ó rìn, ó dé Obajana níbi tí àwọn tírélà sìmẹ́ńtì máa ń wà, ó kọjá ibẹ̀, lẹ́yìn náà ló dúró sójú kan. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kò mira. Ogún ìṣẹ́jú, kò mira. Ọ̀nà wa yìí, gbogbo wa la mọ ohun tó máa ń sọ sí èèyàn lọ́kàn tí mọ́tò bá dúró níbi tí ò yẹ kó dúró. Màmá ti bẹ̀rẹ̀ sí í pe Jésù, Bàbá ti ń wá nọ́ńbà dírẹ́bà kiri. Mo ní ẹ fara balẹ̀, ó lè jẹ́ pé kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì níbi tó wà. Bàbá wò mí báyìí, wọ́n ní, "Kí ló kan nẹ́tíwọ́ọ̀kì níbẹ̀? Ṣebí ìwọ lo sọ fún wa pé sátẹ́láìtì ni lókéṣọ̀n ń lò?"

Ó pé nǹkan bí ìṣẹ́jú márùnlélọ́gbọ̀n kí àmì náà tó fò lẹ́ẹ̀kan náà, ó já sí ẹnu Kabba. Kò pẹ́ ni ọmọ wọlé pẹ̀lú búrẹ́dì lọ́wọ́, kò mọ̀ pé wọ́n ti gbààwẹ̀ lórí òun. Ó sùn nínú mọ́tò ni tiẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tó ń bí i nínú ni pé báàtìrì òun ti kù 9%, bẹ́ẹ̀ ó ṣáájì ẹ̀ kún kó tó kúrò nílé láàárọ̀.

Ìbéèrè Bàbá yẹn dáa, èmi gan-an ò lè dáhùn ẹ̀ ní gbólóhùn kan lọ́jọ́ yẹn. Ìdí tí mo fi jókòó kọ eléyìí nìyẹn, torí mo rí i pé ohun tó ń dà wá láàmù ni pé a ti kó iṣẹ́ mẹ́ta pọ̀ sábẹ́ orúkọ kan. Kí fóònù mọ ibi tó wà, iṣẹ́ kan nìyẹn. Kó sọ ọ́ fún ẹlòmíì, iṣẹ́ míì ni. Kí áàpù máa bi í ní gbogbo ìgbà pé "níbo la wà báyìí", iṣẹ́ kẹta nìyẹn, òun ló sì ń jẹ báàtìrì.

Ta ló ń sọ fún fóònù pé ibi báyìí ló wà?

Ẹlẹ́rìí mẹ́ta ni fóònù ní. Àkọ́kọ́ ni sátẹ́láìtì, ìkejì ni másìtì àwọn oní-nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ìkẹta ni wáìfáì tó bá wà nítòsí.

Ẹ jẹ́ ká mú ti sátẹ́láìtì ná, torí òun ni wọ́n ń ṣì gbọ́ jù. Ká ní ṣọ́ọ̀ṣì mẹ́ta wà nílùú, gbogbo wọn sì ń lu aago ní aago mẹ́fà géérégé, kò sẹ́ni tó ṣáájú, kò sẹ́ni tó kẹ́yìn. Ìwọ wà lórí bẹ́ẹ̀dì, o ò tíì lajú. Tó o bá gbọ́ ti ṣọ́ọ̀ṣì kan lẹ́yìn sẹ́kọ́ǹdù kan, á jẹ́ pé ó fi nǹkan bí mítà 340 jìnnà sí ẹ, torí bí ohùn ṣe ń rìn nìyẹn. Tí ti èkejì bá dé lẹ́yìn sẹ́kọ́ǹdù mẹ́ta, ó ti lé ní kìlómítà kan. Tó o bá ti mọ bí o ṣe jìnnà sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, tó o sì mọ ibi tí wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì kọ̀ọ̀kan sí, o lè fi ìka tọ́ka sí ibi tí bẹ́ẹ̀dì ẹ wà nínú ìlú, láìjẹ́ pé o dìde.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni GPS, ìyẹn ètò sátẹ́láìtì tó ń jẹ́ kí fóònù mọ ibi tó wà, ṣe ń ṣe é. Àwọn sátẹ́láìtì tó lé ní ọgbọ̀n wà lókè, wọ́n fi nǹkan bí kìlómítà 20,200 jìnnà sílẹ̀, aago tó péye gan-an wà nínú wọn, ohun tí wọ́n sì ń ké ò ju "èmi rèé, ibi tí mo wà rèé, aago tó lù lọ́dọ̀ mi rèé" lọ. Fóònù á gbọ́ ti bíi mẹ́rin nínú wọn, á ṣírò. Ìdí tó fi jẹ́ mẹ́rin dípò mẹ́ta ni pé aago inú fóònù wa ò péye tó tiwọn, ìkẹrin yẹn ló ń bá a tún aago ẹ̀ ṣe. Ìgbì rédíò tí wọ́n fi ń ké yìí ò rìn bí ohùn o, bí ìmọ́lẹ̀ ló ṣe ń rìn, kìlómítà 300,000 ní sẹ́kọ́ǹdù kan. Tí aago bá fi ìdá kan nínú mílíọ̀nù sẹ́kọ́ǹdù yẹ̀, ìṣírò á ti fi mítà 300 yẹ̀, o ti bọ́ sí oko onísu kan.

Ìjọba Amẹ́ríkà ló ni GPS. Sátẹ́láìtì àkọ́kọ́ gòkè ní 1978, ó di 1995 kí wọ́n tó kéde pé gbogbo ẹ̀ ti pé. Títí di oṣù karùn-ún ọdún 2000, ńṣe ni wọ́n ń mọ̀ọ́mọ̀ bu omi là á fún àwa tí kì í ṣe sójà, kó má bàa péye jù lọ́wọ́ wa. Wọ́n ti dáwọ́ ìyẹn dúró. Rọ́ṣíà ní tiẹ̀ tó ń jẹ́ GLONASS, Yúróòpù ní Galileo, Ṣáínà ní BeiDou, ọ̀pọ̀ fóònù tó wà lọ́jà báyìí sì ń gbọ́ ju ti ẹyọ kan lọ. Níta gbangba tí ojú ọ̀run ṣí, fóònù lè mọ ibi tó wà, kó má fi ju mítà márùn-ún lọ ṣìnà. Nínú yàrá, lábẹ́ páànù, tàbí níbi tí òkè bo ojú ọ̀run, tí a ò sì lè sọ pé òkè wọ́n wa ní ilẹ̀ Okun wa ní ìpínlẹ̀ Kogi yìí, á máa ta gọ́ọ́gọ́ọ́.

Másìtì ní tiẹ̀, kò péye tó bẹ́ẹ̀. Ní ìgboro Lokoja tí másìtì ti sún mọ́ra, fóònù lè fi wọ́n mọ àdúgbò tó wà. Abúlé tí másìtì kan ṣoṣo ń bójú tó ńkọ́? Ó dà bí ẹni tí wọ́n bi pé "ibo lo wà?" tó ní "mo wà ní Ijumu". Irọ́ kọ́, àmọ́ ibo ní Ijumu? Ohun tó fà á nìyẹn tí ẹ fi máa ń rí òbìrí aláwọ̀ búlúù ńlá lórí máàpù nígbà míì, fóònù ń sọ fún yín pé ibì kan nínú òbìrí yìí ni mo wà, ẹ má bi mí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wáìfáì máa ń ṣe dáadáa níbi tó bá ti pọ̀, torí àwọn bíi Google ti ní àkọsílẹ̀ ibi tí ọ̀pọ̀ wáìfáì wà. Lọ́dọ̀ tiwa níbí, àfi tẹ́ ẹ bá wà nítòsí ilé ìwé tàbí òtẹ́ẹ̀lì.

Ṣé sátẹ́láìtì ń rí mi? Ṣé ó ń jẹ dátà?

Rárá sí méjèèjì. Fóònù kì í bá sátẹ́láìtì GPS sọ̀rọ̀, ó kàn ń gbọ́ ni, bí rédíò. Ilé iṣẹ́ rédíò ò mọ̀ pé o jókòó sídìí ògiri ò ń gbọ́ òun. Ẹni tó lè mọ ibi tó o wà ni áàpù tó o gbà láyè, àti ẹni tí áàpù yẹn bá lọ sọ fún. Ẹ rántí pé ilé iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì náà mọ másìtì tí fóònù yín so mọ́, bóyá ẹ tan lókéṣọ̀n o, bóyá ẹ pa á o, torí láìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ìpè ò lè wọlé.

Ti dátà, gbígbọ́ sátẹ́láìtì fúnra ẹ̀ ò jẹ kọ́bọ̀. Àwòrán máàpù ló ń jẹ ẹ́. Díẹ̀ wà tí fóònù máa ń lò láti yára, torí sátẹ́láìtì ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ gan-an, kí fóònù tó gbọ́ ibi tí sátẹ́láìtì kan wà tán láti ẹnu ẹ̀, á tó ọgbọ̀n sẹ́kọ́ǹdù, dátà á sì jẹ́ kó rí àkọsílẹ̀ yẹn lójú ẹsẹ̀. Tí kò bá sí dátà, á ṣì mọ̀ ọ́n, ẹ kàn máa dúró díẹ̀ ni, ẹ sì jáde síta.

Torí náà, ẹni tó bá ń lọ sí Isanlu tàbí Egbe tí kò fọkàn tán nẹ́tíwọ́ọ̀kì, kó ti gba máàpù agbègbè yẹn sínú fóònù láti ilé, Google Maps ní ibi tí wọ́n ti ń ṣe é, offline maps ni wọ́n pè é. Dátà òru tó rọ̀ yẹn ni kẹ́ ẹ fi ṣe é. Tẹ́ ẹ bá dé ojú ọ̀nà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì lọ, máàpù á ṣì máa fi hàn yín.

Kí ló wá dé tí àmì àbúrò mi fi dúró?

Fóònù ẹ̀ mọ ibi tó wà ní gbogbo ìgbà yẹn. Kò rí ọ̀nà sọ fún wa ni. Àmì tí Màmá ń wò kì í ṣe ibi tí ọmọ wọn wà, ibi tó ti ránṣẹ́ kẹ́yìn ni. Ó dà bí lẹ́tà tí dírẹ́bà mú bọ̀, ohun tó wà nínú ẹ̀ jẹ́ òótọ́ nígbà tí wọ́n kọ ọ́.

Tẹ́ ẹ bá ń tẹ̀ lé ẹnì kan báyìí, ẹ má wo àmì nìkan, ẹ wo àkókò tí wọ́n kọ sábẹ́ ẹ̀, á sọ fún yín ìgbà tí WhatsApp gbọ́ nípa ẹni náà kẹ́yìn. Tó bá ní ogún ìṣẹ́jú sẹ́yìn, ìròyìn ogún ìṣẹ́jú sẹ́yìn lẹ̀ ń wò. WhatsApp ń fún èèyàn ní ìṣẹ́jú 15, wákàtí 1 tàbí wákàtí 8. Láti Lokoja dé Kabba wákàtí kan lè má tó tí mọ́tò bá dúró lọ́nà, ẹ mú mẹ́jọ, ẹ pa á tẹ́ ẹ bá délé. Ohun kan tún wà tó máa ń dá a dúró, ìyẹn battery saver. Lórí ọ̀pọ̀ fóònù Android, tẹ́ ẹ bá tan ìyẹn, tí ojú fóònù sì ṣú, lókéṣọ̀n lè dúró. Àwọn kan á tan án kí báàtìrì lè bá wọn délé, kí wọ́n wá máa ṣe kàyéfì pé kò sẹ́ni tó rí àwọn lọ́nà.

Kí ló ń jẹ báàtìrì gan-an?

Ẹ ti wọ mọ́tò Kabba sí Omuo rí? Èrò oríṣi méjì ló máa ń wà níbẹ̀. Ọ̀kan á jókòó, ìṣẹ́jú kan á kọjá, "ṣé a ti dé Iyamoye?" Ìṣẹ́jú kan, "ṣé a ti dé ni?" Kò ní sùn, kò ní jẹ́ kí kọndọ́ sùn, kò ní jẹ́ kẹ́ni tó jókòó tì í sinmi. Ìkejì á wọlé, á ní "àbúrò, tá a bá dé Iyamoye kó o jí mi o", á fi àdìrẹ borí, ó ti sùn nìyẹn. Àwọn méjèèjì á sọ̀ kalẹ̀ síbì kan náà.

Áàpù bíi ti ẹni àkọ́kọ́ ló ń pa fóònù. Bí fóònù ṣe ń pa báàtìrì mọ́ ni pé ó máa ń sùn, tí ojú ẹ̀ bá ti ṣú, ọ̀pọ̀ nǹkan inú ẹ̀ ti dákẹ́. Gbogbo ìgbà tí áàpù bá bi í níbo la wà, ó ní láti jí, kó tẹ́tí sí sátẹ́láìtì, kó ṣírò, kó dáhùn, kó tó lè padà sùn. Tí áàpù bá wá ń bi í ní sẹ́kọ́ǹdù sẹ́kọ́ǹdù, ìgbà wo ló fẹ́ sùn? Google náà rí i pé wàhálà wà níbẹ̀, láti Android 8 ní 2017 ni wọ́n ti pàṣẹ pé áàpù tí kò sí lójú fóònù á máa rí lókéṣọ̀n gbà lẹ́ẹ̀mélòó kan péré láàárín wákàtí kan. Àmọ́ ẹ mọ àwọn èèyàn wa, ọ̀nà àbáyọ wà fún ẹni tó bá fẹ́ ẹ.

Mo gba fóònù àbúrò mi, mo wọ sẹ́tìn, mo wọ Location, mo wo àwọn tí wọ́n ti gbà láyè. Tọ́ọ̀ṣì! Áàpù tọ́ọ̀ṣì kan wà níbẹ̀ tó gbàyè láti máa mọ ibi tó wà tọ̀sán tòru. Kí ni tọ́ọ̀ṣì fẹ́ fi ibi tí èèyàn wà ṣe? Ṣé òkùnkùn Kabba yàtọ̀ sí ti Lokoja ni? Bẹ́ẹ̀ fóònù yẹn ní tọ́ọ̀ṣì tiẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ kàn fa ojú ẹ̀ wálẹ̀ ni. Áàpù ojú ọjọ́ kan náà wà níbẹ̀, àti géèmù kan. Mi ò ní parọ́ mọ́ tọ́ọ̀ṣì nìkan o, lókéṣọ̀n tó ń rìn tó fi ránṣẹ́ sí wa jẹ nínú báàtìrì yẹn, ibi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ṣàìsàn náà jẹ nínú ẹ̀, torí fóònù máa ń pariwo gan-an nígbà tó bá ń wá másìtì tó jìnnà.

Èwo ni ká fún áàpù wo?

Ẹ má pa lókéṣọ̀n pátápátá. Mo mọ̀ pé ohun tí wọ́n ń sọ fún yín níbi tẹ́ ẹ ti ń san owó ṣáájì nìyẹn, àmọ́ tí wọ́n bá jí fóònù tẹ́ ẹ sì fẹ́ wá a, lókéṣọ̀n yẹn náà lẹ máa nílò. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni kẹ́ ẹ mú wọn.

Máàpù àti áàpù tẹ́ ẹ fi ń pe mọ́tò, ẹ fún un ní "while using the app", ìyẹn ni pé nígbà tó bá wà lójú fóònù nìkan. Ojú ọjọ́ náà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ yọ "precise" kúrò níbẹ̀. Láti Android 12 ní 2021 lẹ ti lè sọ fún áàpù pé àdúgbò tí mo wà ni mo fẹ́ kó o mọ̀, kì í ṣe ẹnu ọ̀nà mi, iPhone sì ti ń ṣe é láti iOS 14 ní 2020. Òjò tó máa rọ̀ ní Kabba ò ní kí wọ́n kọ́kọ́ mọ yàrá tẹ́ ẹ wà. Tọ́ọ̀ṣì, géèmù, Bíbélì, kálíkuléétọ̀: rárá, rárá, rárá. "Allow all the time" ni kẹ́ ẹ ṣọ́. Bí WhatsApp bá béèrè ẹ̀ torí ìrìn àjò, ẹ fún un, ẹ gbà á padà tẹ́ ẹ bá délé. Áàpù tẹ́ ò bá mọ̀ rí tó bá béèrè, "only this time" wà níbẹ̀ láti Android 11.

Fóònù péye, kí ló dé tí máàpù fi mú mi lọ síbòmíì?

Ọ̀tọ̀ ni ìyẹn o, ẹ má dẹ́bi fún sátẹ́láìtì. Àwọn àlejò ìgbéyàwó kan láti Èkó tẹ Ogidi sínú máàpù, máàpù ń gbé wọn lọ sí ìpínlẹ̀ Anambra! Ogidi wà níbẹ̀, Ogidi wà ní Ijumu níbí. Ẹ lọ tẹ Egbe wò, ẹ máa rí Egbe tiwa ní Yagba, ẹ máa rí Egbe ní Èkó. Ayetoro, mi ò fẹ́ sọ̀rọ̀. Fóònù mọ ibi tó wà, ibi tẹ́ ẹ ń lọ gan-an ni kò yé e. Kẹ́ni tó ń ṣe ìnáwó dúró sójúde ilé, kó fi pin, ìyẹn àmì ibi tó dúró sí lórí máàpù, ránṣẹ́ láti ibẹ̀, kó má kọ orúkọ ìlú nìkan sínú káàdì. Tó bá jẹ́ pé ìwé lẹ fẹ́ tẹ̀ ẹ́ sí, Google Maps ní ohun kan tó ń jẹ́ Plus Code, lẹ́tà àti nọ́ńbà bíi mélòó kan tó dúró fún ibi kékeré kan ṣoṣo lórí ilẹ̀ ayé, ọ̀fẹ́ ni, ó sì wúlò fún wa gan-an torí títì tó lórúkọ àti ilé tó ní nọ́ńbà ò pọ̀ lọ́dọ̀ wa.

Ẹ̀yin ọmọ wa tẹ́ ẹ ń ṣe áàpù

Ọmọkùnrin kan ládùúgbò wa ń ṣe áàpù fún àwọn ọlọ́kadà. Ó fún mẹ́fà nínú wọn kí wọ́n dán an wò, tó bá fi máa di aago mọ́kànlá àárọ̀, fóònù gbogbo wọn ti kú, wọ́n bínú yọ ọ́ dànù. Ó ní fóònù wọn ni kò dáa. Mo ní kó ṣí iṣẹ́ ẹ̀ fún mi. Sẹ́kọ́ǹdù kan, sẹ́kọ́ǹdù kan ló ń béèrè lókéṣọ̀n, èyí tó péye jù lọ, kódà nígbà tí ọlọ́kadà bá na ara sórí ọ̀kadà ẹ̀ lábẹ́ igi máńgòrò.

Ohun tá a yí padà ò pọ̀. Ẹni tó ń dúró de èrò, másìtì ti tó o láti mọ àdúgbò tó wà, ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún ni kí wọ́n sì máa bi í. Tí fóònù bá ti mọ ibi tó wà láìpẹ́ yìí torí áàpù míì béèrè, ìyẹn ni kó mú, kó má tún jí sátẹ́láìtì. Tó bá ti gba iṣẹ́ ló tó kan sátẹ́láìtì, ìyẹn gan-an tó bá ti rìn tó mítà àádọ́ta ni, kì í ṣe sẹ́kọ́ǹdù. Ti pé ó ti dé ọ̀dọ̀ èrò ńkọ́? Ìyẹn ni ti èrò Iyamoye tó sùn: geofence ni wọ́n ń pè é, wàá fa òbìrí kan yí ibẹ̀ ká, wàá sọ fún Android pé tó bá wọ ibí kó o jí mi, áàpù á dákẹ́. Áàpù kan lè fa tó ọgọ́rùn-ún irú ẹ̀ lórí fóònù kan. Tí iṣẹ́ bá sì ti parí, kó sọ fún fóònù pé ó tó. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú nìyí, wọ́n á bẹ̀rẹ̀, wọn ò ní rántí pa á.

Wọ́n ti tún un gbé fún àwọn mẹ́fà yẹn. Márùn-ún gbà á. Ìkẹfà ní òun ò fẹ́, pé ìyàwó òun ò gbọ́dọ̀ mọ ibi tí òun wà.